Èwo Ni Ó Ṣáájú? Ẹ̀kọ́ Kafka àti Ìkéde Ìsìnkú Kan

Ní ìpàdé gbogbogbòò wa tí ó kọjá, àwọn àgbà bi wá léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìkéde ìsìnkú inú oṣù Kejìlá, tí àtẹ̀jíṣẹ́ méjì fi ta ko ara wọn lórí fóònù jámáà. A ṣèlérí pé a ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí gbogbo wa gbọ́. Gbèsè náà ni a ń san yìí.

Àwa márùn-ún ni a jọ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ka ìwé kọ̀ǹpútà nínú wa: awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan, aṣọ́de méjì, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tí ó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú arúgbó, àti akọ̀wé owó kan tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ní alẹ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àìṣáì, a máa ń jókòó sí ẹ̀yìn mọ́sáláṣí wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì àti fúláásìkì tíì kan. Àbúrò wa kan tí ó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ni ó ń kọ́ wa. Àwọn kan nínú wa ń wá iṣẹ́ tí ó sàn ju èyí tí a ń ṣe lọ, a kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n a tún fẹ́ gbé ẹrù kúrò lórí akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹni tí ó jẹ́ pé bí ẹnìkan bá kú, òun nìkan ni yóò máa pe fóònù láti Àsùbáà títí ohùn rẹ̀ yóò fi há.

Kafka ni orúkọ ohun tí a ń kọ́. Jay Kreps, Neha Narkhede àti Jun Rao ni wọ́n ṣe é ní ilé iṣẹ́ LinkedIn, a sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 2011. Orúkọ òǹkọ̀wé Franz Kafka ni Kreps fún un, nítorí pé ẹ̀rọ tí a ṣe fún ìkọ̀wé ni. Ẹni tí ó bá ti rí ìwé alájọ rí ti mọ ìdajì rẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá ṣẹlẹ̀, a ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé: ẹnìkan san owó ilé kéwú ọmọ rẹ̀, ẹnìkan yí àdírẹ́sì padà, ẹnìkan kú. A kì í padà lọ tún ìlà kan kọ. Bí àṣìṣe bá wà, ìlà tuntun ni a ó fi ṣe àtúnṣe. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà tirẹ̀, láti orí òdo lọ sókè. Àwọn òǹkàwé sì lè pọ̀ tó bí a bá ṣe fẹ́: ọ̀kan ń ka ìwé náà kí ó lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, òmíràn ń kà á fún akápò, oníkálukú sì ní àmì ibi tí ó kàwé dé. Kíkà tí ọ̀kan kà á kò mú ìlà náà kúrò fún èkejì. Bí a kò bá pàṣẹ mìíràn fún un, ọjọ́ 7 ni yóò fi tọ́jú ohun tí a kọ. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa fi ìwé yìí wé ìwé àwọn màláíkà tí ń kọ iṣẹ́ ẹ̀dá, Ààfáà wa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí a fi àwọn màláíkà sílẹ̀ o, pé kálàmù tiwọn kì í lo iná mànàmáná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà nìyí. Ìwé náà kì í sábà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Kí iṣẹ́ lè yá, a máa ń pín in sí ìpín-ìpín, kí àwọn òǹkàwé lè pín in mú. Nínú ìpín kan, èyí tí a kọ́kọ́ kọ ni a ó kọ́kọ́ kà. Láàárín ìpín kan sí èkejì, Kafka kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Àbúrò wa sọ èyí fún wa ní alẹ́ àkọ́kọ́, gbogbo wa kọ ọ́ sínú ìwé, kò sì sí ẹni tí ó yé. Ìpín mẹ́ta ni a ṣe, kìkì nítorí pé mẹ́ta ni a rí nínú ẹ̀kọ́ tí a kà. Fún jámáà tí kò tó ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ẹyọ kan ìbá ti tó, ìbá sì ṣẹ́kù.

Bàbá àgbà kan nínú wa jáde láyé ní òru Àlàrùbá mọ́jú Àlàmísì. Ẹbí wọn sọ pé lẹ́yìn Alásárì ni a ó kírun sí wọn lára, nítorí pé ìwé àṣẹ ìsìnkú kò tí ì jáde. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ni a kọ ìkéde náà sínú ẹ̀rọ. Kò pẹ́ ni ìwé jáde, àwọn tí ó ń bójú tó itẹ́ òkú sì ní kí a tètè máa bọ̀, nítorí ilẹ̀ a máa yára ṣú nígbà òtútù. A sún ìrun sí Àìlà. Aago mẹ́wàá ni a kọ ìkéde kejì. Ẹni tí ó ń gbé ibí mọ̀ pé nínú oṣù Kejìlá, Àìlà àti Alásárì kò jìnnà tó wákàtí méjì síra wọn.

A kò fi ohunkóhun so àwọn ìkéde méjèèjì pọ̀, nítorí náà ẹ̀rọ fi ọ̀kan sí ìpín kan, ó fi èkejì sí ìpín mìíràn. Òǹkàwé tí ó mú ìpín ti àkọ́kọ́ ti há sẹ́nu iṣẹ́, ó ń dúró de ilé iṣẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò dá a lóhùn. Bí a bá fi Kafka sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é, ìṣẹ́jú 5 ni yóò fara dà fún irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ kí a tó gba ìpín lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwa ni a sọ ìṣẹ́jú 5 di wákàtí kan, nítorí pé ìkìlọ̀ rẹ̀ ń dí wa lọ́wọ́ ní alẹ́ Sátidé kan. Báyìí ni ìkéde Àìlà ṣe dé orí fóònù ní aago mẹ́wàá, tí ti Alásárì tí a ti fagi lé sì dé ní aago mẹ́wàá ààbọ̀. Èyí tí ó dé kẹ́yìn ni àwọn ènìyàn gbàgbọ́.

Akọ̀wé rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n kò pe gbogbo wọn tán. Bàbá kan wọ ọkọ̀ láti ìhà kejì Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn àti olóògbé ni wọ́n jọ kúrò ní Ìbàdàn, wọ́n sì jọ gbé yàrá kan nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé. Nígbà tí Bàbá wọ mọ́sáláṣí, a ti ń ká ẹní. Wọ́n wo ibi tí ó yẹ kí pósí wà, wọ́n ní, "Ẹ ti gbé e lọ?" Ọ̀kan nínú wa dọ̀bálẹ̀, kò rí ohùn fi dáhùn. Bàbá na fóònù wọn sí i: "Ọmọ mi, ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ ni mo tẹ̀ lé."

Ní ọjọ́ Àìkú, àwa márààrún lọ bẹ Bàbá ní ilé wọn. Wọ́n dárí jì wá kí a tó jókòó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé, "Ẹ̀rọ yín tí ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, ṣé kò mọ èyí tí ó ṣáájú ni?" A ṣí kọ̀ǹpútà níwájú wọn. Nítorí pé ọjọ́ 7 kò tí ì pé, ìlà méjèèjì ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àkókò tí a kọ wọ́n. Ẹ̀rọ mọ̀, òǹkàwé tí àwa kọ́ ni kò bi í.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gbà ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ, èyí ni ó tilẹ̀ dùn wá jù. A fún olóògbé kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà, nọ́mbà náà ni a sì fi ṣe kọ́kọ́rọ́ gbogbo ìkéde tí ó bá kàn án. Àwọn ìkéde tí kọ́kọ́rọ́ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, inú ìpín kan náà ni Kafka ń kó wọn sí, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá ti yí iye ìpín padà. Bí ìdádúró bá dé, wọn yóò jọ dúró ni, wọn yóò sì jáde bí a ṣe kọ wọ́n. A dá wákàtí kan yẹn padà sí ìṣẹ́jú 5. A tún rí i pé òǹkàwé tí ó bá kú lẹ́yìn tí ó ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n tí kò tí ì fi àmì sí ibi tí ó kàwé dé, yóò tún un fi ránṣẹ́ nígbà tí ó bá jí. Nítorí náà ó ní láti máa wo àkọsílẹ̀ ohun tí ó ti fi ránṣẹ́. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò lọ́wọ́ Kafka bọ́ sọ́wọ́ àwọn onífóònù, kò sí ẹni tí ó lè ṣèlérí pé ti ẹ̀yìn kò ní ṣáájú ti iwájú lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí i nísinsìnyí pé gbogbo àtúnṣe ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ìkéde kejì: ẹ má tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́." Àwọn tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orí fóònù ni a ti ń pè wọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀, àwa márùn-ún sì bá akọ̀wé pín ìpè náà.

Ọ̀kan nínú wa ti rí iṣẹ́ nípasẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n ní kí ó sọ àṣìṣe kan tí ó ti ṣe rí, ìtàn Bàbá ni ó sọ. Bàbá kò sì yọ orúkọ wọn kúrò nínú àwọn tí ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ wa. Bí ìkéde bá ti dé sọ́dọ̀ wọn, wọn kì í dúró de ìpè, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú wa: "Ṣé èyí tí ó kẹ́yìn nìyí?" Wọn kì í gbé fóònù sílẹ̀ títí a ó fi lọ wò ó.