Ẹyọ Tí Omi Kò Rí Yí Padà

Nígbà tí mo fi máíkírósíkópù wo òkúta sẹ́pẹ́ńtínáìtì, ohun tó dà bí àwọ̀n apẹja ni mo rí. Olùkọ́ wa ní kí n wá ẹyọ dúdú inú rẹ̀. Ólífáìnì ló kún inú òkúta náà tẹ́lẹ̀, kí omi tó wọ̀ ọ́, tó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Kúrómáìtì ni ẹyọ dúdú yẹn. Etí rẹ̀ a máa yí padà, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ lè ṣì mú kúrómíọ̀mù àti àlùmíníọ́ọ̀mù àtijọ́ dání, èyí tí a fi ń mọ orírun òkúta. Ìlú àwọn baba ńlá wa ti tú. Oríkì tó kù lẹ́nu ìyá àgbà mi la fi mọ ibi tí a ti ṣẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ ni kúrómáìtì rí.

Ní Isua, ní Greenland, irú òkúta yìí wà tó ti tó nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 3.8. Àwọn onímọ̀ kan ní abẹ́ èèpo ayé ló ti wá, pé ìrìn ilẹ̀ ló gbé e sókè. Àwọn mìíràn ní inú èèpo ayé ló ti rọ̀ sílẹ̀ láti ara àpáta yíyọ́. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ilẹ̀ ti ń rìn bíi ti òní láti ìgbà náà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Èmi kò ní gba ẹ̀rí kúrómáìtì nìkan, torí ooru lè ti dé àárín rẹ̀ pẹ̀lú. Ólífáìnì díẹ̀ tó ṣẹ́ kù, òun náà ní ọ̀rọ̀ sọ.