Ògiri ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè gọ́ọ̀mù tó dáa jù fún lẹ́tà ara ògiri ọ́fíìsì, ẹ wo ògiri ná. 🧵

Mo máa ń lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, màá wá fà á yọ. Tí ọ̀dà bá bá a wá, kò sí gọ́ọ̀mù tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́. Ọ̀dà ló máa ṣí, tòun ti lẹ́tà.

Super glue yá lóòótọ́, àmọ́ èéfín ẹ̀ máa ń fi àmì funfun sára lẹ́tà dúdú. Silicone ni tèmi. Ó ń gbà tó wákàtí 24 kó tó le, torí náà téèpù olójú méjì ni mo fi ń gbé lẹ́tà dúró títí dìgbà yẹn.

Oníbàárà kan ní, "Ọ̀la la fẹ́ ṣí ibí, jọ̀ọ́, ṣáà lẹ̀ wọ́n." Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká họ ọ̀dà yìí kúrò ná." Wọ́n pe ẹlòmíì.

Owó yẹn dùn mí o. Àmọ́ abẹ́ lẹ́tà yẹn gan-an ni wọ́n to àga àlejò sí.