Wàláà Tuntun: Ǹjẹ́ Tablet Lè Rọ́pò Laptop?



Ìbéèrè kan ni ọmọ kéwú mi kan bi mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a kírun Àsárì tán tí a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé-kéwú wa. Ọmọ náà ti rí ààyè wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó. Owó tí bàbá rẹ̀ rí kó jọ kò sì ju ti ẹ̀rọ kan ṣoṣo lọ. Ó ní, "Ààfáà, ṣé tablet kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ tí laptop ń ṣe ni?" Àwọn yòókù dákẹ́, wọ́n ń wo ẹnu mi.

N kò tètè dáhùn. Kì í ṣe pé n kò ní èsì. Mo ti dáhùn ìbéèrè yìí rí nínú ilé ara mi, mo ṣì í dáhùn, ọmọ mi ló sì jìyà rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn náà fún yín, bí kò tilẹ̀ yẹ mí.

Abúlé ni mo ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, kò jìnnà sí Mọ́níyà. Òwúrọ̀ ni mo ń lọ sóko, ọ̀sán ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa, láti Akínyẹlé dé Lágelú, láti Ẹgbẹ́dá dé Ọ̀nà-Àrà, yóò mọ̀ pé ohun tí a gbìn ni a ń tà kí ọmọ tó kàwé. Ẹ̀gẹ́ ni mo tà lọ́dún náà. Ọmọbìnrin mi, àbígbẹ̀yìn, wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì. Ó ti ń bẹ̀ mí fún ìgbà pípẹ́ pé kí n bá òun ra laptop, nítorí ìwé ìwádìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ kí wọ́n tó jáde ti ń bọ̀ lọ́nà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nígboro Ìbàdàn ló wá sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú. Tablet ti tó. Ohun tí laptop ń ṣe ni tablet náà ń ṣe nísinsìnyí." Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Owó laptop tòkunbọ̀ tó dára fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó tablet tuntun. Ohun kan sì tún wà níbẹ̀ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni: èmi náà fẹ́ lo tablet. Mo ti rí i lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ lèmọ́ọ̀mù ní ọ̀nà Lálúpọn, tó fi ń ka ìwé tafsírù láìgbé ìwé kankan lọ́wọ́. Mo ti ń rò ó lọ́kàn pé bí ọmọ bá wálé fún ìsinmi, èmi náà yóò máa lò ó. Báyìí ni mo ṣe lọ ra tablet, mo fà á lé ọmọ lọ́wọ́, mo sì ní kó máa dúpẹ́. Ọmọ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá mi. Ọlọ́hun yóò fi kún un." N kò wo ojú rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀tọ́ fún tablet, nítorí pé ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀rọ náà wúlò. Ẹ gbọ́ orúkọ tí àwọn Lárúbáwá òde òní ń pè é: jihāz lawḥī, bí ẹni ń sọ pé ẹ̀rọ oníwàláà. Inú ọ̀rọ̀ lawḥ yìí kan náà ni àwọn baba wa ti mú wàláà tí gbogbo wa fi kọ́ alífù àti báù. Laptop ní tirẹ̀, ḥāsūb maḥmūl ni wọ́n ń pè é, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a ń gbé káàkiri. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nígbà tí ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé tablet jáde fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní oṣù kẹfà ọdún 2013, Ọpọ́n Ìmọ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Ìjọba náà ní òun fẹ́ pín 150,000. Wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ tó lé ní àádọ́ta sínú rẹ̀, lórí iṣẹ́ ẹ̀kọ́ 17, wọ́n sì kó ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá tì í, tó fi jẹ́ pé ọmọ lè kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ọkàn sí i: ohun kíkà ni wọ́n kó sí i. Wàláà ni, ọpọ́n ni. Ohun tí a ń gbé sójú kà ni.

Ní ti kíkà àti gbígbọ́, n kò rí ohun tí laptop fi ju tablet lọ nílé mi. Àwọn ọmọ kéwú ń fi gbọ́ kíké Sheikh Maḥmūd Khalīl al-Ḥuṣarī, ọmọ Íjíbítì tó kú ní ọdún 1980, wọ́n ń dá a dúró níbi tí ó bá ti ta wọ́n yọ, wọ́n ń tún un gbọ́. Ilé ìkówèésí al-Maktaba al-Shāmila, tó kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé, ṣeé ṣí lórí rẹ̀. Ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì lè fi ìka fẹ Súrà lójú títí lẹ́tà yóò fi tó ẹ̀wà.

Ọ̀rọ̀ iná tún ń bẹ níbẹ̀, ìyẹn sì ni ọ̀gá ìṣòro lábúlé. Ṣájà tablet kì í sábà ju wáàtì 10 sí 20 lọ, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ laptop jẹ́ 45 sí 65. Sólà kékeré tí à ń fi ṣáájì fóònù, tàbí pówà báńkì, lè gba tablet là. Laptop tòkunbọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti gbó ńkọ́? Bí NEPA bá ti mú iná lọ, kó pẹ́ kó yá, òun náà yóò kú, àfi kí a tan jẹnẹrétọ̀, a sì mọ ohun tí epo ń jẹ lápò ènìyàn. Fún lèmọ́ọ̀mù, fún àgbẹ̀, fún ìyá ọlọ́jà, fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà, mo lè búra pé tablet ti tó wọn.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò wá ohun tí yóò kà. Ohun tí yóò kọ ló ń wá ibi tí yóò ti kọ ọ́.

Ìwé tí wọ́n ní kó kọ lé ní àádọ́rin ojú ewé, ó dá lórí bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní èdè Lárúbáwá pẹ̀lú èdè Yorùbá. Ó wá jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì, ti Yorùbá alámì ohùn àti ti Lárúbáwá oní-fátíhà àti kásírà ló wà nínú rẹ̀. Ojú gíláàsì ni ó ń tẹ gbogbo rẹ̀ lé. Bí àtẹ lẹ́tà bá ti yọ sókè, á bo ìdajì ojú tablet, ìlà mẹ́rin márùn-ún péré ni yóò kù tí ó lè rí nínú ohun tó kọ. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ̀wé jáde. Bí wọ́n ti ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, ohun gbogbo dàrú: àwọn àmì ohùn Yorùbá di àpótí kéékèèké, àwọn lẹ́tà Lárúbáwá tó yẹ kó di ara wọn mú tú ká bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Wọ́n ní àfi kí àwọn tún un tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, iye owó báyìí ni ojú ewé kan.

Ó san án. Olùkọ́ rẹ̀ dá ìwé náà padà pé kó tún àwọn ibì kan ṣe. Ó tún padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó tún sanwó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èyí ṣẹlẹ̀. Ìṣirò èsì àwọn tó fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò tún wà níbẹ̀, ètò tí wọ́n ń pè ní SPSS ni wọ́n ní kó fi ṣe é, orí kọ̀ǹpútà ni ètò náà sì ń ṣiṣẹ́, kò sí ti tablet. Ó tún bẹ ẹlòmíràn ní ọ̀wẹ̀ olówó. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, èmi wà lábúlé, mo ń ṣàdúà fún un, mo sì ń rò pé mo ti ṣe ojúṣe bàbá.

Iléyá ló wá ṣe. Ọmọ wálé, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé ó ti rù. Lóru ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ jí mi, ó ní, "Bàbá wọn, owó oúnjẹ ni ọmọ yìí fi ń tẹ̀wé. Ó máa ń fi ọjọ́ méjì jẹun ẹ̀ẹ̀kan." Oorun dá lójú mi. Nígbà tí a kírun Àsùbáà tán, mo pe ọmọ, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó wolẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, ẹ ti ní kí n máa dúpẹ́."

Ẹ̀yin òbí, n kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Kò bú mi, kò sì ráhùn. Ìgbọràn rẹ̀ gan-an ni mo fi dí i lẹ́nu. Mo ta ewúrẹ́ méjì lọ́sẹ̀ náà, mo fi ẹ̀yìn owó ẹ̀gẹ́ kún un, a sì ra laptop tòkunbọ̀ kan nígboro. Àtúnṣe tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lé lórí di ohun tó ń fi ìrọ̀lẹ́ kan ṣe fúnra rẹ̀. Àtòjọ orí-ọ̀rọ̀ tó fi gbogbo ọjọ́ kan kà níka lórí tablet, laptop bá a tò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jáde, alhamdulillahi. Tablet ńkọ́? Ọwọ́ èmi ló padà sí, ó wà nílé-kéwú títí di òní. Níbẹ̀ gan-an ló yẹ kó wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè ní, "Ààfáà, ẹ kò bá ra kíìbọ́ọ̀dù so mọ́ tablet yẹn." Òótọ́ ni, ó ń ṣeé ṣe. Fún lẹ́tà tàbí àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́, ó tó. Ṣùgbọ́n kíìbọ́ọ̀dù kò sọ SPSS di ohun tí yóò wọ inú tablet. Bí o bá sì ro owó kíìbọ́ọ̀dù gidi pọ̀ mọ́ owó tablet, o kò jìnnà sí laptop tòkunbọ̀ mọ́.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Steve Jobs ti Apple fi iPad han aráyé ní oṣù kìíní ọdún 2010, àárín fóònù àti laptop ló fi í sí. Kò pè é ní àrọ́pò èyíkéyìí nínú méjèèjì. Nígbà tó di ọdún 2015, ẹni tó gba ipò rẹ̀, Tim Cook, ń béèrè pé kí ló dé tí ènìyàn yóò tún máa ra kọ̀ǹpútà. Títí di òní, Apple ń ta laptop. Ẹni tó ní iṣu kò wúlò mọ́, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì yéé kọ ebè, ẹ mọ ohun tó yẹ kí á wò.

Ohun kan tún wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò JAMB. Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo olùdíje ti ń ṣe é. Ọmọ tó jẹ́ pé ojú gíláàsì nìkan ni ìka rẹ̀ mọ̀, inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni yóò ti kọ́kọ́ di máòsì mú, ọwọ́ á sì máa gbọ̀n. JAMB fi ọ̀rọ̀ náà rọ̀ wọ́n lọ́rùn nípa bọ́tìnnì mẹ́jọ tí a lè fi ṣe ìdánwò láìfọwọ́ kan máòsì: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, àti R àti S. Síbẹ̀, ẹni tí kò fọwọ́ kan kíìbọ́ọ̀dù rí yóò máa wá àwọn mẹ́jọ náà kiri, bẹ́ẹ̀ aago kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Gbogbo wa la mọ̀ pé nínú Súrà al-ʿAlaq tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, Ọlọ́hun dárúkọ kíkà, Ó sì dárúkọ kálámù. Méjèèjì ni ìmọ̀ ń béèrè, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀ síra. Nílé-kéwú àtijọ́, a kì í fi wàláà ṣe takàdá. Orí wàláà ni a ti ń kà, tí a bá há a tán, a ó fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ da ìwé kọ fún ìran tó ń bọ̀, takàdá, gègé àti tàdáwà ni yóò lọ wá. Tablet ni wàláà, laptop ni takàdá. Kí o tó ra èyíkéyìí, bi ara rẹ pé: ṣé kíkà ni iṣẹ́ mi pọ̀ jù sí, tàbí kíkọ?

Èsì tí mo fún ọmọ tó bi mí léèrè lábẹ́ igi máńgòrò nìyí. Mo ní, "Fóònù tó wà lápò rẹ, tablet kékeré ni. Ohun kíkà rẹ ti wà níbẹ̀. Bí owó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ra laptop, kódà kó jẹ́ tòkunbọ̀. Yẹ bátìrì rẹ̀ wò kí o tó sanwó." Mo sì ní kó bá mi sọ fún bàbá rẹ̀ pé èmi yóò yà nílé wọn lálẹ́. Ohun tí mo fẹ́ bá bàbá sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: kó kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè iṣẹ́ tí wọn yóò gbé fún un, kó sì fetí sí èsì rẹ̀ kó tó ní kó máa dúpẹ́.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tó wúlò, kí Ó sì fún àwa òbí ní etí tí ń gbọ́. Àmín.