Ìrìn-àjò Wa sí Bedford, Ìlú John Bunyan

Àwọn kan máa ń sọ pé ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà nìkan ni àwa mọ̀ ní ìlú Òyìnbó yìí. Bóyá òótọ́ ni. Ní ọjọ́ Sátidé kan, a kó àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní St Pancras, a forí lé Bedford. Kò ju bíi wákàtí kan lọ láti London.

Àwọn àgbà inú wa mọ orúkọ Bunyan láti ilé. Ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1678 ni David Hinderer, míṣọ́nnárì CMS ní Ìbàdàn, túmọ̀ sí èdè wa ní àwọn ọdún 1860, tí a ń pè ní Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ̀ pé àárín àwọn ọdún yẹn ni ogun Ìjàyè jà. Ọ̀nà dí, owó kò dé láti Èkó, Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ sì ń ta ẹrù ilé wọn kí wọ́n tó jẹun.

Bunyan fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá. Abúlé Elstow tí ó wà lẹ́bàá Bedford ni wọ́n bí i sí ní 1628. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ lòun náà ń ṣe: wọ́n ń tún ìkòkò àti páànù tó ti jò ṣe kiri. Ní oṣù kọkànlá 1660, wọ́n mú un nítorí pé ó ń wàásù láìgba àṣẹ ìjọ ìjọba. Wọ́n ní kó ṣá ti ṣèlérí pé òun kò ní wàásù mọ́, kó máa lọ sílé. Ó kọ̀. Ọdún 12 ló lò níbẹ̀.

Igun tí Silver Street ti pàdé High Street ni ẹ̀wọ̀n náà wà nígbà náà. Wọ́n ti wó o tipẹ́. Àmì kan ló kù nílẹ̀, àwọn tó gbé báàgì ọjà dání sì ń tẹ̀ ẹ́ kọjá lọ. Àbúrò nínú àwọn ọmọ wò ó, ó ní, "Ṣé kò jù báyìí náà lọ?" A ní kó fara balẹ̀, a kò tíì dé Mill Street.

Ní Mill Street ni ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń pè ní Bunyan Meeting wà, ilé àkójọ ohun àtijọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gòjé Òyìnbó tí Bunyan fi irin ṣe wà níbẹ̀. Ìgò amọ̀ kan náà wà, tí wọ́n ní Mary ọmọ rẹ̀ fi ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un lẹ́wọ̀n. Afọ́jú ni Mary. Nígbà tí a ka ìyẹn fún àwọn ọmọ, kò sẹ́ni tó bèèrè mọ́ bóyá kò jù báyìí lọ.

Àwa tí à ń fi ìṣirò owó jẹun, a dúró níwájú ìgò yẹn, a ń ṣírò. Ìyàwó kan, ọmọ mẹ́rin, owó iṣẹ́ kò wọlé. Okùn bàtà ló ń ṣe nínú ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń bá a tà. Bí a ṣe ṣírò ún tó, kò bára dọ́gba. Síbẹ̀ ọkùnrin yìí ń kọ̀wé, ó ń gbàdúrà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ tiwa. Níbi iṣẹ́ ọ̀kan nínú wa, ipò ṣófo, wọ́n sì gbé e fún ọmọdé tí ẹni wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ni oorun fi dá lójú wa nílé. Owó ilé ń bẹ lọ́rùn tí à ń san fún báńkì, ilé tí à ń kọ́ nílé kò kúrò ní fáúndéṣọ̀n, ẹni tí a jọ dé ti ra ọkọ̀ kejì. Bí a bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ìṣirò ni à ń ṣe. Ta ni irú ẹ̀ kò ṣe rí nínú yín?

Ohun tó mú wa fẹ́ràn Bunyan ni pé kò purọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpínyà òun pẹ̀lú aya àti ọmọ dun òun dé egungun, pàápàá ti Mary afọ́jú. Ìtẹ́lọ́rùn rẹ̀ kì í ṣe pé kò mọ ìrora. Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú, nínú Fílípì orí kẹrin, ẹlẹ́wọ̀n ni nígbà tó ń kọ ọ́, ó sì sọ pé òun kọ́ ọ ni. Ohun tí a ń kọ́ máa ń gba àkókò. Ó tù wá nínú díẹ̀.

Àwọn oníwàásù kan máa ń fi ìtẹ́lọ́rùn pa èèyàn lẹ́nu mọ́: má bèèrè, má janpata, Ọlọ́run rí ọ. Àwa ò gbà. Ẹ wo Elizabeth, ìyàwó Bunyan. Ọmọge ni, ọmọ tó gbé ẹ̀rù bà á tó sì bí lókùú kò tíì pẹ́, àwọn ọmọ tó ń tọ́ kì í ṣe ọmọ tí òun bí. Ní oṣù kẹjọ 1661, ó lọ bá àwọn adájọ́ ní ilé ìtura Swan létí odò, ó sì rojọ́ ọkọ rẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Adájọ́ Matthew Hale nìkan ló fi ojú àánú wò ó. Wọn kò tú ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó padà sílé lọ tọ́jú àwọn ọmọ. Ìyá wa ni obìnrin yẹn. Hòtẹ́ẹ̀lì Swan ṣì wà létí odò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé tuntun ni. Ibẹ̀ la jókòó sí, a mu tíì, ó sì wọ́n.

Àwa náà ti kọ lẹ́tà sí ibi iṣẹ́ nípa ọ̀rọ̀ ipò yẹn. Èsì kò tíì dé, ṣùgbọ́n a ti ń sùn.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kọ́kọ́ wádìí, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí ilé àkójọ náà. Ẹ má gbàgbé ère rẹ̀ ní St Peter's Green: ẹ̀wọ̀n tó ti já wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ fi han àwọn ọmọ. Ẹni tí Bedford bá jìn sí, London ni wọ́n sin Bunyan sí ní 1688, ní Bunhill Fields ní City Road, tí kò jìnnà sí Old Street. Wọ́n gbẹ́ èrò mímọ́ sára ibojì náà: ní ẹ̀gbẹ́ kan ó ru ẹrù rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kejì ó dé ẹsẹ̀ àgbélébùú, ẹrù náà sì ń já bọ́.