Ọjọ́ tí A Dán Lẹ́ńsì Bàbá Mi Wò

Nígbà ọlidé, àwọn kan lọ sí Èkó, àwọn kan lọ sí Ìbàdàn. Èmi ò lọ síbì kankan o. Ilé wa ní Dogon Dutse ni mo jókòó sí. Òkúta gíga ni orúkọ àdúgbò wa túmọ̀ sí lédè Hausa, ẹni tó bá sì ti débẹ̀ mọ̀ pé wọn ò purọ́. Mo fẹ́ sọ ohun tí a ṣe níbẹ̀ ní Sátidé kan.

Oníṣẹ́ fọ́tò ni bàbá mi. Kí n tó dáyé ni wọ́n ti ń ya ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ káàkiri Jos. Lọ́dún tó kọjá, kámẹ́rà wọn àtijọ́ kú pátápátá, ó wá ku lẹ́ńsì mẹ́ta, Canon ni gbogbo wọn. Owó tó wà lọ́wọ́ kò ju ti kámẹ́rà àlòkù kan lọ: Sony kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní mirrorless, torí kò ní dígí nínú bíi ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì Canon kì í wọ ẹnu Sony. Ni bàbá mi bá ra adápítà, òrùka onírin tó máa ń wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Níbi ìgbéyàwó kan, ìyàwó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ lè súre fún un. Fọ́tò mọ́kànlá ni bàbá mi yà. Kọ́tìnì tó wà lẹ́yìn mọ́ kedere, ojú bàbá àtọmọ ṣe bàìbàì. Ẹbí ìyàwó kò san owó tó kù. Ìyẹn gan-an kọ́ ló dun bàbá mi. Ẹnì kan ló sọ ọ́ létí wọn pé, "Baba Fọ́tò ti ń dàgbà, ojú ti ń lọ." Wọn ò dá a lóhùn. Nígbà tí mo fi dé láti ilé ìwé, wọ́n ti ń wá ẹni tó máa ra gbogbo ẹrù náà.

Mo ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká dán an wò ná."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì dé ìdajì, kámẹ́rà á wo ohun tó wà níwájú, á sì ránṣẹ́ sí mọ́tò kékeré inú lẹ́ńsì pé, "Yí díẹ̀ sí i. Ó tó. Dúró." Ìyẹn ni autofocus. Láti 1987 tí Canon ti gbé lẹ́ńsì EF jáde ni mọ́tò náà ti ń gbé inú lẹ́ńsì fúnra rẹ̀, iná mànàmáná ló sì fi ń gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an. Iṣẹ́ méjì ni adápítà ń ṣe. Àkọ́kọ́ ni àyè: mìlímítà 44 ló wà láàárín ẹnu kámẹ́rà EF àti ibi tí àwòrán ń bọ́ sí, 18 ni ti Sony, òrùka náà ló máa dí 26 tó ṣẹ́ kù. Ìkejì, ògbufọ̀ ni. Bí ìyá àgbà mi bá wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni mò ń bá wọn sọ Hausa ní Terminus. Bí mo bá fi lè kólòlò pẹ́nrẹ́n, alátòmátì ti yíjú sí oníbàárà mìíràn nìyẹn.

A lẹ ojú ewé Aláròyé àtijọ́ kan mọ́ ògiri, a gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. A ṣí ojú lẹ́ńsì 50mm tán, ní f/1.8, torí bó bá ṣe ṣí tó ni ibi tó ń mọ́ kedere ṣe ń tínrín tó. Àṣìṣe ò ní ríbi sá sí. Kí n tó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo máa ń fọwọ́ ba fókọ́ọ̀sì jẹ́, ẹ̀ẹ̀kan sí tòsí, ẹ̀ẹ̀kan sí ọ̀nà jíjìn, kí kámẹ́rà má bàa jókòó jẹ iṣẹ́ tó ti ṣe tẹ́lẹ̀. Ogún fọ́tò fún ìdánwò kọ̀ọ̀kan, àbúrò mi ń kọ ọ́ sílẹ̀, inú kọ̀ǹpútà la ti fẹ gbogbo rẹ̀ lójú wò.

Nínú oòrùn, 19 mọ́ kedere. Bàbá mi mi orí: "Ṣé o rí i? Èmi ni." A wọ pálọ̀, a tan gílóòbù kan ṣoṣo. Lẹ́ńsì ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń kùn bí ẹ̀fọn. 8 péré ló mọ́. Èyí tó bí mi nínú ni pé àpótí aláwọ̀ ewé tó ń sọ pé "ó ti mọ́" tàn nígbà 15! Ó purọ́ nígbà méje. Nígbà tí àbúrò mi wá ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wa, 3 la rí mú.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan yá wa ní adápítà tirẹ̀. Kámẹ́rà kan náà, lẹ́ńsì kan náà, gílóòbù kan náà: 16.

Mo ní ká ṣe ẹyọ kan sí i. A pa autofocus, a fẹ àwòrán lójú nínú kámẹ́rà, kálukú ń fọwọ́ yí lẹ́ńsì fúnra rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún rí 11 mú. Bàbá mi rí 18.

Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ àbúrò mi, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ojú mi ò tíì lọ nìyẹn."

Mo ní, "Kì í ṣe ojú yín, Dádì. Ògbufọ̀ yẹn ni."

Wọn ò ta ẹrù mọ́. Wọ́n ń tọ́jú owó adápítà tó dáa, kó tó dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí lẹ́ńsì bí ilẹ̀ bá ṣú. Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ ìyàwó yẹn ti lọ, kò sí ìdánwò tó lè dá a padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ya fọ́tò lọ́jọ́ àṣà wa: ẹ wọ gbọ̀ngàn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ tan iná tí a máa lò, kí ẹnì kan máa jó níwájú yín, kí ẹ sì fẹ fọ́tò náà lójú wò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, kì í fi àpótí aláwọ̀ ewé ṣọ́ ọ.