Wolé-wolé tí Kò Dá Iye

Ìyá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè rẹ́ ẹ jẹ nínú ọ̀ràn owó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Houston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fẹ́ ra ilé, tí owó àsansílẹ̀ kò pé lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá wa ta ilẹ̀ kan tí Bàbá fi sílẹ̀ kí ó tó kú, ó sì fi owó náà ránṣẹ́ sí i. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀ràn ilé Houston ti di ọ̀ràn gbogbo wa.

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú onílé, ó sanwó fún ọkùnrin kan kí ó yẹ ilé náà wò láti òrùlé dé ìpìlẹ̀. Ó fi ìwé tí ọkùnrin náà kọ ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá. Ó ní, “Ṣebí èdè ni o ń kọ́ ní yunifásítì?”

Orúkọ oníṣẹ́ yìí ni ó kọ́kọ́ dá mi lágara. Mo pè é ní wolé-wolé, nítorí n kò rí orúkọ mìíràn tí ó sún mọ́ ọn. Ìyá ta gìrì. Ó ní, “Wolé-wolé? Ṣé ó bá tanwíjí nínú àmù wọn ni? Èló ni ó gbà?” Ó pẹ́ kí n tó là á yé e pé ẹni tí ó fẹ́ ra ilé ni ó ń bẹ irú wolé-wolé yìí lọ́wẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Texas ni ó ń fún un ní ìwé àṣẹ.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan lẹ́tà D. Irú fọ́ọ̀mù kan náà ni wọ́n ń lò ní Texas. Àpótí mẹ́rin wà fún ohun kọ̀ọ̀kan: I ni èyí tí a yẹ̀ wò, NI ni èyí tí a kò yẹ̀ wò, NP ni èyí tí kò sí níbẹ̀, D sì ni èyí tí ó ní àbùkù. D kan náà tí ọkùnrin yìí fi sí ike sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó fọ́ ni ó fi sí ìpìlẹ̀ tí ó ti rì ní igun kan. Ike sọ́kẹ́ẹ̀tì kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n amọ̀ ni ó pọ̀ nínú ilẹ̀ Houston, irú èyí tí ń wú bí òjò bá rọ̀, tí í sì í súnkì bí ọ̀dá bá dá, ilé orí rẹ̀ a sì máa sán lára. Àtúnṣe ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbé gbogbo owó ilẹ̀ Bàbá mì.

Ìyá bi mí pé, “Èló ni?” Mo wá a títí dé ojú-ìwé ìkẹyìn, n kò rí i. Ìlànà àjọ Texas sọ pé kò pọn dandan fún oníṣẹ́ yìí láti dá iye owó àtúnṣe. Bákan náà ni ìlànà ASHI, ẹgbẹ́ àwọn ayẹlé-wò tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1976.

Inú bí mi. Mo ní ojo ni ọkùnrin náà. Babaláwo wo ni í dá Ifá tí kì í yan ẹbọ?

Ìyá ni ó dá mi lóhùn. Ó ní, “Ẹni tí ó yan ẹbọ kọ́ ni yóò jẹ ẹ́? O ti gbàgbé káfíńtà.” N kò gbàgbé. Káfíńtà kan wá wo òrùlé wa nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ní gbogbo páànù ni a ó pààrọ̀, ó dá iye, òun náà ni ó sì ta páànù fún wa. Ilé kò yé jò. Ìṣó mẹ́ta ni ẹlòmíràn kàn tí omi fi dá.

Àwọn ará California mọ irú káfíńtà yìí: òfin wọn kò gbà kí ayẹlé-wò gba owó àtúnṣe ilé tí ó yẹ̀ wò, àfi bí oṣù méjìlá bá ti kọjá. Òfin lè ká irú rẹ̀ lọ́wọ́ kò, ṣùgbọ́n olóòótọ́ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Kò gbẹ́lẹ̀, kò fọ́ ògiri. Ojú lásán ni ó fi wò. Bí ó bá dá márùn-ún tí iṣẹ́ sì gba mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà ni yóò pè é lẹ́jọ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo rí i pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ń ṣe àyẹ̀wò ilé tí ó jinlẹ̀ jù lè fi iye owó kún un bí àwọn àti ẹni tí ó bẹ̀ wọ́n bá ti jọ ṣe àdéhùn rẹ̀. Kí ni ó burú nínú ìyẹn?

Àkókò ni ó ń dùn mí jù. Ní Texas, ẹni tí ó fẹ́ ra ilé lè san owó díẹ̀ láti fi gba ọjọ́ mélòó kan tí ó lè fi yí ọkàn padà. Méje ni ẹ̀gbọ́n mi gbà. Ó ti lo mẹ́rin lórí àwọn D kéékèèké, ó ń pe oníná, ó ń pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi. Ní ọjọ́ karùn-ún ni mo bẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọkùnrin náà. Ẹ má béèrè iye. Ẹ béèrè èyí tí yóò kọ́kọ́ tún ṣe bí ó bá jẹ́ owó ìyá tirẹ̀.”

Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní ìpìlẹ̀ ni, kí ó pe ẹnjiníà lónìí.

Ẹnjiníà dé ní ọjọ́ kẹfà. Ní ọjọ́ keje, ẹ̀gbọ́n mi fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Owó Ìyá ṣì wà ní báńkì, wọ́n sì ń wá ilé mìíràn.