Bí Wọ́n Bá Pariwo ní Gáréèjì

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbé mì níwájú ọmọ. Ọkùnrin kan á fara kan ẹlòmíràn ní gáréèjì, onítọ̀hún á figbe ta pé wọ́n ti gba nǹkan ọmọkùnrin òun lọ. Kí ẹ tó mọ̀, èrò ti pé, táyà ti dé. Ọmọ wa tó ń ti ilé ìwé bọ̀ lè wà láàárín èrò yẹn, kí òkúta sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ariwo yìí ti pẹ́ ní Nàìjíríà. Ó jà ní nǹkan bí 1975. Ní 1990, àwọn ọkùnrin ń ki ọwọ́ bọ àpò ní ìgboro Èkó, wọ́n di kiní wọn mú. Ní 2001, wọ́n dáná sun èèyàn ní Iléṣà lórí ẹ̀. Ní 2023, ó kan Àbújá.

Sunday Ilechukwu, oníṣègùn ọpọlọ, kọ nípa ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ ní Kàdúná. Ọlọ́pàá mú ẹni tó ní kiní òun sọnù àti ẹni tí wọ́n ní ó gbà á wá sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ara ẹni tó pariwo náà wò, gbogbo rẹ̀ pé. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó wo ìsàlẹ̀, ó ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ni.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń purọ́. Ìbẹ̀rù máa ń mú kí nǹkan ọkùnrin súnkì bí òtútù ṣe ń ṣe é. Ẹni tó ti ń gbọ́ ìtàn náà láti àárọ̀, bó bá fọwọ́ kàn án, á rò pé ó ti lọ. Ní Singapore ní 1967, ọ̀pọ̀ ọkùnrin sáré lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló ń mú kiní àwọn wọlé sínú. Kò sẹ́ni tó fi oògùn gbà á lọ́wọ́ wọn o! Àwọn dókítà là wọ́n lọ́yẹ̀, ó sì rọlẹ̀.

Àwa ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló ń sọ pé oògùn wà lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú, inú àwọn kan nínú wa sì ń dùn sí i. Bí wọ́n bá sì pariwo, àlejò ni èrò sábà máa ń mú: ẹni tó wá ra pákó, akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Àgọ́-Ìwòyè, ẹni tí kò ní ará àdúgbò tí yóò sọ pé, "Ẹ dúró, mo mọ bàbá rẹ̀."

Ohun tí mo ń kọ́ àwọn tèmi ni pé kí wọ́n béèrè: ta ló rí i? Ṣé dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò? Bí kò bá sí ìdáhùn, kí wọ́n kúrò níbẹ̀, kí wọ́n wá àgbà tó lè pe ọlọ́pàá.

Ṣùgbọ́n ẹ múra sílẹ̀. Lásìkò àrùn Ebola ní 2014, òbí ló jí ọmọ lóru ní ọ̀pọ̀ ilé pé kó wá fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí àrùn náà má bàa mú un, kò sì sẹ́ni tó béèrè ọ̀dọ̀ dókítà wo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ọmọ tí a bá kọ́ ní ìbéèrè yìí, àwa gan-an ni yóò kọ́kọ́ bi. Kí á má fi "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?" dá a lóhùn.